Kí wọ́n tó sọ gíábọ́ọ̀sì yín kalẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ti ń jò gan-an

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́wọ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ káàsán o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Corolla 2004 ni mò ń wà, tíṣà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ilé ìwé wa wà, mò ń lọ mò ń bọ̀. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbikíbi tí mo bá páàkì sí. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnì), ó ṣì ń jò. Òmíì ní báàkì síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú níbi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì) ni, ó ní àfi kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, owó tó pè ò kéré. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú owó tẹ́ ẹ ti ná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ báyìí. Mi ò sọ pé mẹkáníìkì yẹn ń purọ́ o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báàkì síìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, torí nínú gbogbo àlàyé gígùn tẹ́ ẹ kọ sí mi, mi ò rí ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹnikẹ́ni fọ ẹ́ńjìnì yẹn kó tó sọ ibi tó ti ń jò. Ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì àti eruku ti bò látòkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ojú tó lè mọ orísun ọ́ìlì lára ẹ̀. Àbá lásán ni gbogbo wọn ń dá, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó àbá.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé ibi tí ọ́ìlì ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ẹ wo páànù òrùlé tó bá lu, òjò lè máa kán sórí àga ní pálọ̀ nígbà tó jẹ́ pé òkè yàrá ni ihò yẹn wà, omi kàn tẹ̀ lé igi àjà títí tó fi débẹ̀. Ọ́ìlì náà á jáde lókè, á máa yọ́ bọ̀ wálẹ̀ lára ẹ́ńjìnì, á gba ara bóòtù kan, á gba etí kọ́fà kan, tó bá wá dé ibi tó rẹlẹ̀ jù á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tí mọ́tò bá tún ń sáré, atẹ́gùn abẹ́ mọ́tò á fẹ́ ẹ sẹ́yìn, á tàn án ká abẹ́ gíábọ́ọ̀sì àti sàlẹ́ńsà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré bíi kìlómítà 50 láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, tẹ́ ẹ tún ń padà, tẹ́ ẹ bá wo abẹ́ mọ́tò yín báyìí, gbogbo ẹ̀ ni yóò tutù fún ọ́ìlì, ẹni tó bá sì wo ibẹ̀, báàkì síìlì ló máa kọ́kọ́ pè torí ibẹ̀ ló tutù jù.

Nínú gbogbo ibi tí ọ́ìlì bá ti rin, èyí tó ga jù lọ lẹ máa wá. Tẹ́ ẹ bá rí ọ́ìlì níbì kan tí òkè ẹ̀ ṣì tutù, kì í ṣe ibẹ̀ nìyẹn, ẹ máa gòkè lọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ibi tí òkè ẹ̀ ti gbẹ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tutù, ẹ ti dé ojúkò ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo ti rí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ́ńjìnì fún, ọ́ìlì sítíàríǹ ló ń jò. Ẹ wá páálí ńlá kan, èyí tó funfun nínú ló dáa jù, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ iwájú mọ́tò lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ti páàkì, ẹ fi bírò sàmì síbi tí táyà méjèèjì wà kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀gangan ibi tó kán sí. Lówùúrọ̀ ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ dúdú tàbí àwọ̀ kọfí, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìyẹn. Tó bá pupa tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ti gíábọ́ọ̀sì ọtomátíìkì ni tàbí ti sítíàríǹ, torí àwọ̀ pupa ni ọ́ìlì àwọn méjèèjì sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ nínú mọ́tò òun náà á dúdú, ẹ fa géèjì gíábọ́ọ̀sì yọ kẹ́ ẹ fi àwọ̀ wọn wéra. Tó bá jẹ́ omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń rùn bí nǹkan dídùn, omi rédíétọ̀ nìyẹn. Omi gidi tí kò láwọ̀ tí kò sì yọ̀, ti éásíì ni, ẹ fi sílẹ̀. Àǹfààní míì tí páálí yẹn ní ni pé ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń kán sí. Nínú Corolla yín ẹ́ńjìnì dùbúlẹ̀ ní ìbú ni, gíábọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ òsì níwájú dẹ́ráfà, fáàn bẹ́ẹ̀tì àti ṣéènì táímìn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń kán sí ní gbogbo òru tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́, kò sídìí tá a fi ń pariwo báàkì síìlì.

Ẹ tún wo géèjì ọ́ìlì fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ní sùúrù bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kó wà. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, lítà 3.7 ló ń gbà tá a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin lẹ máa ń rà lọ́jà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ sì máa ń da gbogbo ẹ̀ sí i torí wọ́n ò fẹ́ kó ṣẹ́kù, pàápàá nígbà tí ọ́ìlì àtijọ́ ò tíì kán tán. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù lọ́nà tó burú, kiránkì, ìyẹn irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, á máa lù ú nísàlẹ̀, á máa hó, á sì máa wá ọ̀nà gba ibi tó bá rọ̀. Tó bá ti kọjá àmì òkè, ẹ fà á kúrò kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì.

Ó wá kan fífọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ má da omi sí ẹ́ńjìnì gbígbóná, irin sàlẹ́ńsà òkè yẹn lè sán, ẹ sì lè bó lọ́wọ́. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù di alternator, ìyẹn èyí tó ń ṣáàjì bátìrì, ẹ di ẹnu ibi tó ń fa atẹ́gùn, ẹ di àwọn kóìlì orí púlọ́ọ̀gì àti bọ́ọ̀sì fíúùsì, ẹ fi rọ́bà so wọ́n. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ wá po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé àtijọ́ fọ ọ́, látòkè lọ sísàlẹ̀, ẹ fọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì náà níbi tí kò hàn síta, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì fẹ́ràn láti gbà. Ẹ jẹ́ kó jẹ ọṣẹ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi inú kẹ́ẹ̀gì ṣan án, ẹ má fi omi alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò níbi káwọ́ọ̀ṣì gún un láti tòsí, ó máa ń wọ inú ihò púlọ́ọ̀gì, mọ́tò ò sì ní dá lóhùn lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìnì yín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é káàkiri, ó yá, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná kékeré kan látara wáyà tàbí bátìrì, iná ti sọ nìyẹn, mo mọ ọmọ iṣẹ́ tó ní àpá ẹ̀ lápá títí dòní. Omi ìfọ̀ yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, a ṣì ń mu omi kànga ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi àkísà tó mọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, pàápàá lábẹ́ etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà yí ká, níbi tí táímìn kọ́fà (ìdérí ṣéènì táímìn) ti pàdé ẹ́ńjìnì, ní ẹ̀yìn púlì, níbi fílítà, lórí súwíìṣì ọ́ìlì, àti níbi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ẹ ra páúdà ọmọdé, èyí tó kéré jù lọ́jà tó, ẹ dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fẹ́ ẹ sára gbogbo ibi tí mo kà yẹn kó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àmọ́ kó má débi fáàn bẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ àgbàyanu ni páúdà yìí ń ṣe. Ọ́ìlì tuntun tó bá jáde lára irin, bó ti wù kó kéré mọ, ojú ò lè tètè rí i lórí irin tó ti dúdú, ṣùgbọ́n lórí páúdà funfun ńṣe ló máa fa ìlà kan tó ṣókùnkùn látibi tó ti jáde wálẹ̀, ìlà yẹn máa ń tóbi lọ sísàlẹ̀, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, orí ẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń tọ́ka síbi tó ti ń jò.

Ẹ so bátìrì padà, ẹ tú gbogbo náílọ́ọ̀nù, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìlọ síbì kankan. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti jígí kékeré tí àwọn obìnrin fi ń kun àtíkè, jígí yẹn lẹ máa fi wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ẹ má sún mọ́ fáàn àti bẹ́ẹ̀tì, ẹ ká apá ẹ̀wù yín. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, ẹ wà á jáde láti Takié lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìlọrin ẹ padà, ẹ tún wò ó. Tí kò bá ṣì sí, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ìgbà tó jò gan-an ń sọ̀rọ̀. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń jò, tó sì máa ń tú jáde, ibi tí ọ́ìlì ti ń gba agbára púńpù kọjá ni, bíi súwíìṣì ọ́ìlì tàbí fílítà. Èyí tó ń kán jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á, tó ń kán mọ́jú, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó ti dúró sórí nǹkan tó ń yọ́ bọ̀, ó sì lè jẹ́ sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì ń dúró sí, tàbí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ̀.

Tí jíjò yẹn bá kéré jù fún páúdà, dáì kan wà tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, ẹ máa da díẹ̀ sínú ọ́ìlì, ẹ wà á lọ wà á bọ̀, tó bá di alẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ éèlùú sí i, irú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, ọ́ìlì yẹn á máa tàn yòò bí àwọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́. Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n páúdà ló máa ń parí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fún mi.

Tó bá dọ̀rọ̀ wíwọ abẹ́ mọ́tò, ẹ gbé e lọ sí kòtò mẹkáníìkì. Tẹ́ ò bá ríbi gbé e lọ, ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀ tó bá jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi sítáńdì irin sí i, ẹ tún ju táyà sípíà sábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ pupa tiwa yìí máa ń rọ̀ lẹ́yìn òjò, jáàkì sì máa ń rì.

Ní báyìí, àwọn ibi tí mo máa fura sí nínú mọ́tò yín, látòkè wá sísàlẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tí wọ́n ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì ẹ̀ yẹn, ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Rọ́bà gáskẹ́ẹ̀tì máa ń gan tí ooru bá ti jẹ ẹ́ fún ọdún púpọ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ yàtọ̀ sí pípààrọ̀ dáadáa. Ibi tí táímìn kọ́fà ti pàdé orí ẹ́ńjìnì, ojú ìsopọ̀ kékeré kan wà lápá méjèèjì, tí wọn ò bá nu ọ́ìlì ibẹ̀ kúrò kí wọ́n kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé gáskẹ́ẹ̀tì lé e, ibẹ̀ ló máa jò, gáskẹ́ẹ̀tì yóò sì jẹ́ tuntun. Àwọn míì á fi agbára dè é, wọ́n á rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe máa dáa tó, bẹ́ẹ̀ bóòtù kéékèèké ni wọ́n, kọ́fà á tẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì á yọ etí. Ẹ ní kí wọ́n tún yọ àwọn kóìlì kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Tí ọ́ìlì bá wà nínú ẹ̀, rọ́bà tó yí ihò yẹn ká ló ti lọ, mọ́tò á sì máa gbọ̀n tó bá yá.

Èyí tó kàn ni mo rò pé wọ́n gbójú fò, tí n bá ní kí n fi owó mi lé nǹkan kan láìtíì rí mọ́tò náà, òun ni màá fi lé. Ẹ́ńjìnì 1ZZ yìí ní tensioner tó ń na ṣéènì táímìn, ó wà lára ẹ́ńjìnì níta lápá ibi tí ṣéènì wà, nọ́ọ̀tì kékeré méjì ló dè é mú, óríǹgì rọ́bà kan ló sì dí ọ́ìlì mọ́nú. Óríǹgì yẹn máa ń gan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, a mọ̀ ọ́n mọ́ 1ZZ dáadáa. Ọ́ìlì tó bá jáde níbẹ̀ á yọ́ gba ara ẹ́ńjìnì wálẹ̀, á dé sọ́ǹpù, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ lọ sẹ́yìn, gbogbo èèyàn á ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni, torí ó sún mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n ní gáskẹ́ẹ̀tì sọ́ǹpù ni. Óríǹgì yẹn ò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tú u pé kó má yí ẹ́ńjìnì nígbà tí tensioner bá wà níta, kó sì ti ọ̀pá inú ẹ̀ wọlé kó fi ìkọ́ ẹ̀ há a kó tó dá a padà. Ṣéènì tó bá fò, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti óríǹgì.

Súwíìṣì ọ́ìlì, òun ló ń tan iná pupa tó dà bí kẹ́tù lórí dáṣìbọ́ọ̀dù. Ike kan wà láàárín ẹ̀ tí wáyà ti wọlé, ó máa ń là, ọ́ìlì á gba àárín ẹ̀ jáde. Ẹ fa wáyà yẹn yọ kẹ́ ẹ wo inú ẹnu ẹ̀, tí ọ́ìlì bá ti wà nínú ẹ̀, kò tún sí àlàyé míì, ẹ pààrọ̀ súwíìṣì.

Fílítà ńkọ́? Ẹ bi ara yín bóyá ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ni jíjò yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì rọ́bà fílítà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, wọn ò ní rí i, wọ́n á dè fílítà tuntun lé e, rọ́bà méjì á wá gun ara wọn, ọ́ìlì á sì tú jáde lójijì lójú ọ̀nà, ìyẹn burú ju kó máa kán lọ. Ọwọ́ la fi ń dè fílítà, tí rọ́bà ẹ̀ bá ti kan irin a óò fi yí i bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí i, ó tó. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù náà, ó ní wáṣà tó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀, ẹni tó bá ti wé téèpù tàbí òwú mọ́ ọn ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Fúróǹtì síìlì wà lẹ́yìn púlì ńlá ìsàlẹ̀. Tó bá ń jò, púlì tó ń yí á máa ju ọ́ìlì káàkiri, ẹ máa rí i tó fọ́n sínú ògiri ibi tí táyà ọ̀tún wà àti sára bẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ ò bá rí ọ́ìlì tó fọ́n yí ká bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Báàkì síìlì ló kẹ́yìn, mo sì fẹ́ kó kẹ́yìn lọ́kàn yín náà. Àárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ló wà, ọ́ìlì ẹ̀ á gba ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé jáde. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń ti ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà bọ̀ náà máa ń gba ibẹ̀ gan-an wálẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni pé tó bá jẹ́ báàkì síìlì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ ẹ́ńjìnì tẹ́ ẹ fi páúdà sí i, gbogbo òkè ibi ìsopọ̀ yẹn á gbẹ, páúdà á funfun lórí ẹ̀ láìní ìlà kankan, ìsàlẹ̀ nìkan ló máa tutù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì yín sọ òótọ́, ẹ san owó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ náà, kí wọ́n wo síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, torí òun náà ń jò sínú ibẹ̀, ó sì máa dùn yín tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tún wá sanwó ìsọkalẹ̀ míì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó pààrọ̀ síìlì èyíkéyìí, ó sì ń ká mi lára pé wọn kì í sábà wò ó. Ẹ́ńjìnì máa ń mí. Iná tó ń jó nínú sìlíńdà, díẹ̀ nínú atẹ́gùn ẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítínì sá sísàlẹ̀, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń fa atẹ́gùn yẹn padà sínú ẹ́ńjìnì kó lè jó. Tí PCV yìí bá dí fún ìdọ̀tí ọ́ìlì, atẹ́gùn ò níbi gbà, á máa ti gbogbo síìlì àti gáskẹ́ẹ̀tì látinú, èyí tó bá rọ̀ jù ló máa kọ́kọ́ jò. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn, òmíì á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ síìlì fún tó tún jò láìpẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ wò. Wíwò ẹ̀ ò le: ẹ tan ẹ́ńjìnì kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́ kan lé ẹnu ẹ̀. Tó bá fà á mọ́ra tàbí tó kàn mì díẹ̀, ó dáa. Tó bá ń fẹ́ ẹ dànù, tí èéfín sì ń jáde níbẹ̀ àti nínú ihò géèjì, ẹ yọ PCV, ẹ mì ín sétí, ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀ tí èéfín yẹn ò dínkù, tí sàlẹ́ńsà náà ń yọ èéfín aláwọ̀ éèlùú, ríǹgì ló ti ń rẹ̀, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ síìlì, kí wọ́n wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn ẹ̀, ìyẹn bí písítínì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó nínú sìlíńdà, kẹ́ ẹ tó náwó kankan sí i.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù. Wọ́n máa sọ fún yín pé àwọn á fi gọ́ọ̀mù dí i níta. Ẹ má gbà. Gọ́ọ̀mù ò lè mú níbi tí ọ́ìlì ti ń jáde, ó kàn máa fi ojú ihò pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, ẹni tó bá sì máa tún un ṣe lẹ́yìn náà á kọ́kọ́ fi wákàtí há a kúrò. Sọ́ǹpù ẹ́ńjìnì yín, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dè é láti ilé iṣẹ́ lóòótọ́, kò ní gáskẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi í, lórí irin tó mọ́ tó gbẹ. Tí wọ́n bá dà á sí i ṣùkù, èyí tó yọ sínú á já, á lọ há sí ajọ̀ tí púńpù fi ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì ò ní rí ọ́ìlì mu, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn kọ̀kọ̀kọ̀. Mo ti ká irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ jáde nínú sọ́ǹpù, wọ́n gùn bí ìka. Ẹ́ńjìnì tó ṣì dáa ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa. Oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dá jíjò dúró náà, ńṣe ló ń mú rọ́bà wú, ó lè dín in kù fún síìlì tó gan díẹ̀, kò sì lè ṣe nǹkan kan fún súwíìṣì tó là tàbí bóòtù tó yọ̀.

Títí tẹ́ ẹ máa fi ṣe é, ẹ máa wo géèjì láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé ọ́ìlì díẹ̀ sínú búùtù, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì, ẹ máa fi kún un. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fi kún un sílẹ̀, ó máa wúlò fún mẹkáníìkì. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó, tàbí tẹ́ ẹ rí èéfín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì ti ń kán sórí sàlẹ́ńsà nìyẹn, ẹ má wà á lọ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ yẹn, iná lè sọ. Tí iná pupa oníkẹ́tù bá sì tàn lójú ọ̀nà, kódà kó jẹ́ ìsẹ́jú kan, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dé abúlé tó wà níwájú.

Lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ò bá lọ síṣẹ́, ẹ fọ ẹ́ńjìnì yẹn, ẹ fi páúdà sí i, ẹ tan án. Ẹ ya fọ́tò níbi tí ìlà ọ́ìlì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya òmíì láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀ kí n lè mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà, kẹ́ ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò páálí yẹn, màá sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà àti ohun tẹ́ ẹ máa ní kí mẹkáníìkì tú.